Ilé Géèmù Ìsọ̀kùn àti Káàdì Tí Mo Pa Rẹ́

PlayStation àkọ́kọ́ tí mo fojú kàn láyé mi, ńṣe ló dojú bolẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ológéèmù ti dà á dé bí ẹni da igbá dé, wọ́n fi ìdérí ìgò mẹ́rin gbé e ró kí atẹ́gùn lè ráyè gba abẹ́ ẹ̀, wáyà sì gba ẹ̀yìn ẹ̀ lọ sára tẹlifíṣọ̀n. Ọdún 2002 ni, ní Iléṣà. Ọmọ ọdún 11 ni mí. Ó tó oṣù méjì kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń lò ó níbi tí wọ́n ti ṣe é nìyẹn.

Bọ̀ọ̀dá ló ṣàlàyé ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan tí wọ́n tú u. Nínú àwọn PlayStation tó kọ́kọ́ jáde, èyí tí Sony gbé síta ní Japan ní oṣù Kejìlá 1994 àti àwọn tó tẹ̀ lé e, ike ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà tí lẹ́ǹsì tó ń ka síìdì ń gbà rìn. Ibẹ̀ tún sún mọ́ ibi tí iná ti ń wọlé, ibi tó máa ń gbóná. Tó bá pẹ́, ike náà á jẹ, lẹ́ǹsì á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwòrán á máa dúró, á máa já. Tí èèyàn bá dà á dé, lẹ́ǹsì á tún fìdí ara ẹ̀ lélẹ̀ níbòmíràn, síìdì á sì tún kà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti lò gbó nílùú ẹlòmíràn ni, tòkunbọ̀ pọ́ńbélé. Ẹlòmíràn ì bá ti jù ú sínú àkìtàn. Bọ̀ọ̀dá dà á dé, wọ́n sì ń fi í jẹun.

Ìsọ̀kùn ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, yàrá kan ṣoṣo nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan. Kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé ló wà lẹ́nu ọ̀nà kí oòrùn má bàa kọ lu ojú tẹlifíṣọ̀n. Kọ́tìnnì yẹn náà ló ń bo àwa tí màmá wa rò pé a wà ní lẹ́sìn. Bẹ́ǹṣì gígùn méjì, tẹlifíṣọ̀n méjì, PlayStation méjì, páàdì mẹ́rin tí wọ́n fi téèpù dúdú dì lọ́rùn. Náírà 10 ni bọ́ọ̀lù kan. Ẹni tí wọ́n bá nà á dìde, ẹni tó nà án á jókòó de ẹlòmíràn. Tó o bá ti ká kọ́tìnnì wọlé, o ò ní kí ẹnikẹ́ni, ìbéèrè kan ṣoṣo lo máa bi wọ́n: "Ta ni mo tẹ̀lé?" Tí wọ́n bá ti fi ẹni tó o tẹ̀lé hàn ọ́, o lè jókòó.

Mo ṣì ń gbóòórùn ibẹ̀ dòní. Èéfín jẹnẹrétọ̀, òógùn, ẹ̀pà àti gúgúrú.

Lábẹ́ tábìlì, nínú páálí kan, ni ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbá nígbà tiwọn wà. Ayédèrú ẹ̀rọ géèmù kan tí wọ́n ń pè ní Famicom ni. Nintendo gbé Famicom gan-an jáde ní Japan lọ́dún 1983, àmọ́ àwọn tó dé ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ̀dà tí wọ́n ṣe ní Taiwan àti Ṣáínà ló pọ̀ jù nínú wọn, tó ní kásẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè. Wọ́n á kọ 9999 sára kásẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ géèmù mélòó kan náà ni wọ́n ń yí orúkọ ẹ̀ padà. Ẹ̀gbọ́n mi lè ka ọ̀rọ̀ ìṣíde géèmù Contra fún ọ lójú oorun: òkè, òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, B, A. Tó o bá tẹ̀ ẹ́ tó pé, ẹ̀mí 30 ni wọ́n á fún ọ dípò mẹ́ta. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní oríkì ilé wa, mo sì mọ̀ ọ́n kí n tó mọ ibi tó wúlò dé.

Àmọ́ bọ́ọ̀lù ni tèmi. Winning Eleven la máa ń gbá, èdè Japan ló wà lórí ẹ̀, kò sì sẹ́nì kankan nínú wa tó mọ̀ ọ́n kà. Iye ìgbà tí ọwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ la fi ń mọ ibi tí a wà. Bọ́tìnnì O ló ń mú ọ wọlé, bọ́tìnnì X ló ń dá ọ padà. Tí ohun tí kò yé ọ bá yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, X ni kó o tẹ̀, wàá sì bọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Nínú síìdì ti ọdún 1998, ìyẹn ti Ife Àgbáyé Faransé, ìjà ló máa ń dá sílẹ̀ lórí ẹni tó máa mú Nàìjíríà. Ohun tó fà á ni Tijani Babangida. Wọ́n fún un ní eré sísá débi pé tó bá ti gba bọ́ọ̀lù lápá ọ̀tún, kò sí orílẹ̀-èdè tó lè lé e bá, Brazil ni o, Ítálì ni o. Ọmọ Iléṣà tí kò tíì dé Èkó rí á mú ọmọ Nàìjíríà, á fi í sáré kọjá gbogbo ayé. Inú mi ṣì ń dùn tí mo bá rántí ẹ̀.

Lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú, Bọ̀ọ̀dá máa ń gbá tiwọn. Líìgì ńlá tó wà nínú síìdì tuntun ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ẹgbẹ́ tí kò já mọ́ nǹkan kan bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ra agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tà á. Inú mẹ́mọ́rì káàdì, káàdì tó ń tọ́jú ibi tí èèyàn bá géèmù dé, ni gbogbo ẹ̀ wà. Káàdì eérú kan ni, kò tó páálí ìṣáná méjì. Búlọ́ọ̀kù 15 ló wà nínú ẹ̀, Bọ̀ọ̀dá sì pín in bí wọ́n ṣe ń pín ilẹ̀ ìdílé. Wọ́n ní ìwé àjákọ kan tí wọ́n kọ 1 dé 15 sí, orúkọ ẹni tó ni búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan wà níwájú ẹ̀. Tó o bá fẹ́ kí géèmù tìẹ náà dúró dè ọ́ di ọ̀la, wàá san náírà 50 lóṣù. Mo fi owó oúnjẹ ilé ìwé san tèmi. Búlọ́ọ̀kù 8 ni wọ́n fún mi.

Ìjẹ̀ṣà gidi ni wọ́n, ọmọ òṣómàáló. Bàbá bàbá wọn wà lára àwọn tó ń gbé aṣọ kiri ìlú fún tita láwìn, tí wọ́n á padà wá lóṣooṣù láti gba owó, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Èmi ò rí ọjọ́ kan tí Bọ̀ọ̀dá jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá bọ́ọ̀lù láwìn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan lọ́dún 2003, epo fẹ́ tán nínú jẹnẹrétọ̀. Bọ̀ọ̀dá gbé kẹ́ẹ̀gì, wọ́n ní àwọn ń lọ sí Ẹ̀rẹ̀jà, kí n bá àwọn mójú tó ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni wọ́n yàn nínú gbogbo àwọn tó jókòó. Mo lọ jókòó sórí àga wọn gan-an. Ọmọkùnrin kan tó wá lo họlidé láti Ìbàdàn mú síìdì tiẹ̀ dání, géèmù ìjà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí ẹ̀. Mo bá a fi sí i. Káàdì wà lẹ́nu ihò ẹ̀ ṣùgbọ́n kò wọlé dáadáa. Géèmù wò ó, kò rí nǹkan kan kà, ó gbà pé káàdì tuntun tí ẹnikẹ́ni ò tíì lò ni, ó wá béèrè bóyá kí òun tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò ka ìbéèrè náà dópin. Mo rí i pé káàdì yẹ̀, mo fọwọ́ tì í wọlé dáadáa, mo sì ṣe ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n ṣe tí nǹkan tí kò yé mi bá yọ.

Mo tẹ X.

Ní Japan, O ni bẹ́ẹ̀ ni, X ni rárá, bí tíṣà tiwa náà ṣe máa ń fi X sí èyí tí a bá kùnà. Lórí ọ̀pọ̀ síìdì tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, òdìkejì ẹ̀ ni. X ni bẹ́ẹ̀ ni. Ó tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìgbà náà kí n tó kà á níbì kan, mo sì dìde kúrò níbi tí mo jókòó sí nígbà tí mo kà á.

Kò pẹ́ rárá. Géèmù sọ pé òun ti parí, ọmọ Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìjà. Mi ò fura títí Bọ̀ọ̀dá fi dé. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ṣí káàdì, wọ́n bá a lófìfo. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi sí i. Wọ́n gbé e lọ sínú PlayStation kejì. Wọ́n bi gbogbo wa léèrè ta ló fọwọ́ kàn án. Ó ti wá yé mi nígbà yẹn. Mo dákẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni iná ti wá, tó lọ, tó tún wá lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú kan, Bọ̀ọ̀dá sì gbà pé òun ló bà á jẹ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n mú ìwé àjákọ jáde, wọ́n ń pe orúkọ. Gbogbo ẹni tó ti san owó oṣù, wọ́n dá owó ẹ̀ padà fún un láti inú àpò ara wọn. Ọmọ òṣómàáló ń dá owó padà. Nígbà tó kan búlọ́ọ̀kù 8, wọ́n ka náírà mẹ́wàá-mẹ́wàá márùn-ún sí mi lọ́wọ́, bébà tó ti rún, wọ́n ní, "Má bínú." Mo gbà á.

Ṣọ́ọ̀bù náà ò kú lọ́jọ́ kan. PlayStation 2 dé, ọ̀pọ̀ ilé sì ra tiwọn, fóònù dé, epo ń gbówó lórí. Nígbà tí mo fi máa jáde ilé ìwé gíga, wọ́n ti tì í pa. Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń ta níbẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọkùnrin ṣì jókòó, ojú wọn ṣì wà lára tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ kò sí páàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀, mi ò sì ní fi bò. Náírà 10 wa ń parí sínú ayọ̀ tàbí ìbínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Owó tiwọn ń lọ síbi tí kò ti í padà.

Ọdún 2016 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwọn ẹ̀rọ àtijọ́. Mo ti ń ṣiṣẹ́, owó díẹ̀ ń wọlé, tí mo bá sì rí eérú PlayStation láàárín ọjà tòkunbọ̀, ẹsẹ̀ mi kì í lè kọjá. Èyí àkọ́kọ́, náírà 7,000. Mo gbé e délé tayọ̀tayọ̀, mo kì í bọ iná. Ó dún pàù, òórùn jíjóná gba pálọ̀. Ti Japan ni, 100 volt ló wà lára ẹ̀, iná tiwa sì ju ìlọ́po méjì ẹ̀ lọ. Wọ́n kọ ọ́ ketekete sí ìdí ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó béèrè iye owó, mo máa ń da ẹ̀rọ dé ná kí n ka nọ́ńbà tó wà nídìí ẹ̀. Ti Amẹ́ríkà, 120 ni, òun náà á jó tí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń dín iná kù. Ti Gẹ̀ẹ́sì ló bá tiwa mu.

Kódà tí iná bá bá a mu, tẹlifíṣọ̀n lè má bá a mu. Mo ra ọ̀kan tó wá láti Amẹ́ríkà, mo ra ẹ̀rọ ìdínákù fún un, mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá àtijọ́ ilé wa, dúdú àti funfun ló ń gbé jáde bí àwòrán ayé àná. Wọ́n ní ìlànà àwọ̀ tiwọn, ìlànà PAL la sì ń lò níbí. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ta ìbọn géèmù tí wọ́n fi ń yin pẹ́pẹ́yẹ inú tẹlifíṣọ̀n fún yín tó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ lẹ ní nílé. Inú tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́: tẹ́ ẹ bá yìn ín, ojú tẹlifíṣọ̀n á dúdú fún ìṣẹ́jú àáyá tí ojú ò lè mú, ibi tí pẹ́pẹ́yẹ wà á wá funfun, ìbọn á sì wò ó bóyá òun rí ìmọ́lẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ kì í tètè dáhùn, ìbọn ò ní rí nǹkan kan.

Ti kásẹ́ẹ̀tì ló dùn mí jù láti gbà. Gbogbo wa la fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, tó sì ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe atẹ́gùn ló ń ṣe é, yíyọ tí a yọ ọ́ tí a tún tì í wọlé ni. Itọ́ ẹnu wa ló ń dípẹtà sí irin ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òwú àti spirit tí omi ò pọ̀ nínú ẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Èyí tó bá tún ń tọ́jú ibi tí èèyàn bá géèmù dé, bátìrì róbótó kékeré ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ọjọ́ tí bátìrì bá kú, gbogbo ẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Mẹ́mọ́rì káàdì PlayStation ò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní bátìrì. Ohun tí ọmọ kan bá fi sínú ẹ̀ lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àfi tí ẹnì kan bá pa á rẹ́.

Lọ́dún 2021 mo ra èyí tó wá láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, náírà 12,000, nínú báàgì aláṣọ kan, pẹ̀lú páàdì kan, káàdì eérú kan àti síìdì Gran Turismo. Síìdì náà dúdú lábẹ́ bí ìkòkò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa di ojúlówó mú. Ti ṣọ́ọ̀bù Ìsọ̀kùn, ẹ̀dà ni gbogbo ẹ̀, fàdákà lábẹ́ wọn. Mo fi káàdì sí i, mo tì í wọlé dáadáa, mo tan án.

Nǹkan wà nínú ẹ̀. Ọmọ kan ti gbé níbẹ̀ kí n tó dé. Mo ṣí Gran Turismo ẹ̀. Ọkọ̀ 34 ló wà nínú gáréèjì ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọkọ̀ kékeré tí kò lówó lórí, bí ẹni pé àánú ń ṣe é láti tà wọ́n. Géèmù yẹn máa ń fún èèyàn ní ìdánwò kó tó gba ìwé ìwakọ̀, ìpele mẹ́ta, ìdánwò mẹ́jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gba góòlù nínú gbogbo ti ìpele kìíní. Ó gba góòlù nínú gbogbo ti ìkejì. Nínú ti ẹ̀kẹta ó gba méje, ìkẹjọ ṣófo. Ibẹ̀ ló dúró sí. Bóyá wọ́n kó kúrò nílé, bóyá ó dàgbà, bóyá wọ́n ra tuntun fún un, tí wọ́n gbé èyí sínú báàgì, tí báàgì wọ ọkọ̀ ojú omi, tó gúnlẹ̀ sí Èkó, tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo lè gba ìdánwò kẹjọ náà, mo mọ̀ ọ́n wà. Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo yọ káàdì náà, mo fi aṣọ wé e, mo gbé e sínú dúrọ́ọ̀. Mi ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ó tún tó ọdún méjì kí n tó wá Bọ̀ọ̀dá lọ. Agbègbè Ìmọ̀ ni wọ́n wà báyìí, wọ́n ń tún ẹ̀rọ inverter àti pánẹ́ẹ̀lì sólà ṣe, ewú ti bo orí wọn. Wọ́n béèrè màmá mi, wọ́n béèrè ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n bu omi fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù náà, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú náírà 50 tí mo gbà.

Wọn ò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀.

"Síìdì wo lo fi sí i?"

Mo ní síìdì Òyìnbó ni.

"O wá tẹ X."

Mo ní mo tẹ X, Bọ̀ọ̀dá.

Wọ́n mi orí, wọ́n gbé skrudírába tó wà lọ́wọ́ wọn kalẹ̀. "Ogún ọdún gbáko ni mo fi ń bú NEPA." Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n béèrè ohun tó wà nínú báàgì tí mo gbé wá.

Mo gbé PlayStation náà jáde, mo sì fi káàdì hàn wọ́n. Wọ́n so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré kan tí oníbàárà gbé wá fún àtúnṣe. Wọ́n wo gáréèjì ọmọ náà, ọkọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ka góòlù ẹ̀, wọ́n dé ibi ìkẹjọ tó ṣófo, wọ́n dúró síbẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n jáde kúrò nínú ẹ̀ jẹ́jẹ́ láìtọ́jú nǹkan kan sórí ẹ̀. Wọ́n ya ewé kan nínú ìwé rìsíìtì wọn, wọ́n kọ 1 dé 15 sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níwájú gbogbo búlọ́ọ̀kù tí ọmọ yẹn ń lò, wọ́n kọ "àlejò". Níwájú ọ̀kan nínú àwọn tó ṣófo, wọ́n kọ orúkọ mi.

Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo mú náírà 50 jáde. Wọ́n gbà á, wọ́n nà án pẹrẹsẹ lórí itan, wọ́n ká a sí méjì, wọ́n fi sí àpò àyà wọn.